Gbígbẹ́ Ère Bàálù Ogun Hurricane Láti Ara Igi Arère

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì, àwọn awakọ̀ bàálù ìjà Spitfire ti ikọ̀ 74 rí àwọn bàálù kan ní ọ̀ọ́kán lójú ọ̀run, wọ́n gbà pé ti ọ̀tá ni, wọ́n sì yìnbọn já méjì lulẹ̀ nínú wọn. Hurricane ni méjèèjì, ti ikọ̀ 56, ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n sì jọ jẹ́. Montague Hulton-Harrop, tó wà nínú ọ̀kan, kò yè é. Òun ni awakọ̀ bàálù ìjà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ọta ará ilé ló sì pa á.

Ìtàn yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ iṣẹ́ igi lọ́dọ̀ mi ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Bí bàálù bá ti jìnnà, ojú kì í rí ọ̀dà ara rẹ̀ mọ́, kì í sì í rí àmì orílẹ̀-èdè tí wọ́n kùn sí i lápá; ìrísí rẹ̀ nìkan ló kù, dúdú lórí òfurufú. Nítorí náà, ìrísí ni a ó máa lé nínú ère tí a fẹ́ gbẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń fẹ́ ère tí a lè ka gbogbo ìdè ara rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó lọ ra ti oníke lọ́jà, kò sí ìjà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà mọ ohun tí mò ń wí. Ní 1942, wọ́n ké sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọn gbẹ́ ère bàálù 500,000, ti ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, kí ère kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú 72 bàálù gidi, kí wọ́n sì kùn wọ́n ní dúdú. Àwọn ère náà ni wọ́n fi ń kọ́ ayìnbọn àti awakọ̀ láti dá bàálù mọ̀ ní wàrà. Ìwọ̀n kan náà ni àwa náà yóò lò.

Ìdí tó fi jẹ́ Hurricane la ó fi bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Ítálì wọ inú ogun ní 1940, ọ̀nà òkun Mẹditaréníà di ewu fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ sí Íjíbítì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n tú àwọn bàálù palẹ̀ sínú àpótí, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Láti Takoradi ni awakọ̀ yóò ti wa bàálù náà gba Èkó, Kánò àti Máídúgùrì, yóò la Ṣáàdì àti Sùdáànù kọjá, títí yóò fi dé Íjíbítì, ìrìn tó tó nǹkan bíi máìlì 3,700. Ikọ̀ àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940: Hurricane mẹ́fà, tí bàálù aju-bọ́ǹbù Blenheim kan ń ṣíwájú wọn. Èkó ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n bà sí. Kí ọ̀nà náà tó dákẹ́, ó ju 5,000 bàálù lọ tó gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹni tó ń ti Takoradi bọ̀ wá sí Èkó lẹ́bàá òkun yóò kọ́kọ́ kọjá Tógò àti Dàhòmì, tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé tó ti túúbá fún Jámánì nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni Àgbádárìgì yóò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tí ọ̀sà àti òkun sì tò tẹ̀ léra wọn bí ìlà méjì lórí ìwé. Bàálù tó mọ ọ̀nà ilé wa ló yẹ kí ọmọ ilé wa kọ́kọ́ mọ̀. Ìdí kejì kò ní ìtàn nínú: ara Hurricane kò ní ìṣẹ́po púpọ̀, ọ̀bẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sì lè bá a lò.

Igi àti irinṣẹ́

Arère ni kí ẹ wá. Ó fúyẹ́, ojú rẹ̀ dọ́gba, kò lágídí lábẹ́ ọ̀bẹ, àwọn tó ń ta pákó lẹ́bàá títì márosẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹ bá pè é ní arère tí wọn kò dáhùn, ẹ pè é ní obeche. Ẹ má ra odindi pákó. Ìgékù kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, tó sì nípọn tó ínṣì kan, ti tó fún ara bàálù, ìgékù mìíràn tó gùn bákan náà, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, yóò tó fún apá rẹ̀. Ìrókò le jù fún ọ̀bẹ kékeré, ọ̀gànwó sì lẹ́wà ju ohun tí a ó fi ọ̀dà dúdú bò lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, inú pákó ògùrọ̀ la fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, kò lè gba etí tín-ín-rín tí apá bàálù ń fẹ́.

Ohun tí ìwé púpọ̀ kì í sọ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sà wà níwájú wa, òkun sì wà lẹ́yìn ọ̀sà. Igi tí ẹ bá rà lónìí mu omi ju bí ojú ti rí i lọ. Ẹ gbé e sínú ilé, sí òkè ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ẹ sì máa yí i padà. Hurricane kẹta tí mo gbẹ́ láyé mi, inú oṣù Kẹfà ni mo ti kánjú gbẹ́ ẹ láti ara pákó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nígbà tí ọ̀yẹ́ fi máa dé, apá òsì rẹ̀ ti ká sókè bí ewé gbígbẹ, kò sì sí gọ́ọ̀mù tó lè dá a padà.

Ní ti irinṣẹ́, ẹ nílò ayùn kékeré tí eyín rẹ̀ súnmọ́ra, ọ̀bẹ kékeré tó mú ṣáṣá, sáńpépà oríṣi mẹ́ta (80, 120 àti 240), gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, lẹ́ẹ̀dì, rúlà, páálí líle àti ẹyọ ọwọ̀ díẹ̀ láti ara ìgbálẹ̀. Ọ̀bẹ tó kú ló ń gé ènìyàn, nítorí pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ yóò fi agbára kún un, yóò sì yọ̀. Ẹ máa pọ́n ọn, ẹ máa gé síta kúrò lára yín, kí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá sì dúró ti sáńpépà nìkan.

Wíwọ̀n ọ́n

Ìdá kan nínú 72 kò ṣòro rárá fún ẹni tó ní rúlà ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ínṣì 1 lórí rúlà dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6 lára bàálù gidi. Apá Hurricane, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, ìyẹn mítà 12.19, lórí ère yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16.9. Gígùn ara ti èyí tó kọ́kọ́ gba Takoradi kọjá lé díẹ̀ ní mítà 9 àti ààbọ̀, tí yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13.3 lórí ère. Apá kékeré tó wà ní ìdí ìrù gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 àti ààbọ̀. Abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ẹnu ewé kan dé ẹnu ewé tó kọjú sí i bí ó ti ń yí.

Ẹ wá àwòrán bàálù náà láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí. Kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kan páálí, ẹ fi rúlà wọn ohun tó jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, nítorí pé ẹ̀rọ àwọn tó ń tẹ̀wé fún wa lẹ́bàá ọ̀nà máa ń dín àwòrán kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gé páálí kan fún ẹ̀gbẹ́ ara, òmíràn fún ara láti òkè, àti ọ̀kan fún apá. Ti apá, ìdajì nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹ fi yàwòrán ọ̀tún, kí ẹ sì dà á dé láti yàwòrán òsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan yóò fẹ̀ ju èkejì lọ, ojú yóò sì mọ̀ ọ́n kí rúlà tó mọ̀ ọ́n.

Ara bàálù

Ẹ tẹ páálí ẹ̀gbẹ́ mọ́ igi, ẹ fà á yíká, ẹ fi ayùn gé e ní ìta ìlà, kí ó ku nǹkan bíi mìlímítà 1. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa ìrísí rẹ̀ láti òkè sí ẹ̀yìn igi náà, kí ẹ sì gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọnù títí tí yóò fi kù ní sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù, tí yóò sì máa tín-ín-rín lọ sídìí ìrù. Ní báyìí ẹ ní ohun onígun mẹ́rin tó jọ Hurricane bí àpótí ti jọ àga. Ẹ wá fi ọ̀bẹ pa àwọn igun rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí imú, àti láti àárín lọ sí ìrù. Ẹ má gbẹ́ lòdì sí bí ojú igi ti lọ, kó má baà fà ya.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àmì ìdánimọ̀ àkọ́kọ́. Ibi ìjókòó awakọ̀ ga, ó wà lórí ara bí iké, imú sì rẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn sì rọra sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí ìrù. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí awakọ̀ lè ríran síwájú àti sísàlẹ̀ lórí imú nígbà tó bá ń yìnbọn. Àwọn ọmọ sábà máa ń béèrè níbí bóyá ọmọ ilẹ̀ wa kankan wa bàálù nínú ogun náà. Bẹ́ẹ̀ ni o: Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Nàìjíríà, di ọ̀gá nínú ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ó sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀. Oṣù Kìíní 1945 ló kú, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ogun parí.

Lábẹ́ ikùn, ní àárín gbùngbùn, díẹ̀ sẹ́yìn ibi tí àwọn ẹsẹ̀ ti ń ká wọlé, ni rédíétọ̀ wà, tó so rọ̀ bí àpò ẹlẹ́ran. Ẹ gé ègé igi kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti so apá mọ́ ara tán. Nǹkan kan kù lábẹ́ imú, tí kì í sí lára Hurricane tó dúró sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: asẹ́ eruku. Iyanrìn Íjíbítì ì bá pa ẹ́ńjìnnì wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà wọ́n fi asẹ́ ńlá kan bo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó mú kí bàálù náà dà bí ẹni tó ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ gígùn. Ègé igi tó gùn tó èékánná àtàǹpàkò, tí ẹ yí ojú rẹ̀ po, ni ẹ ó fi ṣe é. Ó mú kí bàálù náà burẹ́wà, àwọn awakọ̀ sì mọ̀ pé ó ń fà wọ́n sẹ́yìn lórí eré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́ Hurricane tó gba Èkó kọjá tí kò fi asẹ́ sí i, bàálù mìíràn ló gbẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí fún àwọn káfíńtà tó wà láàárín wa: láti ẹ̀yìn ibi ìjókòó awakọ̀ dé ìrù, irin ni egungun Hurricane, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n tò lé irin náà, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó. Ọta lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde láìba nǹkan pàtàkì jẹ́, títún un ṣe kò sì gba ọjọ́ púpọ̀. Mosquito, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀, igi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Apá

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ fi páálí fa ìrísí apá méjèèjì sórí pákó kan náà, kí apá má jẹ́ méjì, kó jẹ́ odindi igi kan tó kọjá lábẹ́ ara. Ní ìdí, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀, níwájú àti lẹ́yìn ló ti ń dín kù bí ó ti ń lọ sí ṣóńṣó, ṣóńṣó náà sì yípo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e, ẹ fi ọ̀bẹ fá a títí tí yóò fi nípọn tó mìlímítà 6 ní ìdí, tí yóò sì fẹ́lẹ́ gan-an ní ṣóńṣó. Ibi tó nípọn jù kò sí ní àárín gbùngbùn. Ó wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ láti iwájú. Etí iwájú yípo bí ẹ̀yìn ṣíbí, etí ẹ̀yìn sì tín-ín-rín bí ẹnu ọ̀bẹ. Òkè rẹ̀ gbà sókè ju ìsàlẹ̀ lọ.

Mìlímítà 6 yẹn ni kò jẹ́ kí Hurricane le eré tó Spitfire. Sydney Camm, tó ṣètò Hurricane, tí bàálù náà kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1935, lo apá tó nípọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tó ń ṣe bàálù nígbà náà, apá tó nípọn sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n apá yẹn kan náà ló gba ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́rin sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápapọ̀, tí wọn kì í mì púpọ̀ bí wọ́n bá ń yìn. Ọta inú ìbọn náà kò ju ohun tí a lè yìn tán ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ wo awakọ̀ tó ní ìṣẹ́jú àáyá 15 péré, tó sì gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó rí ìdí tí mo fi ń da àwọn ọmọ láàmú lórí ìrísí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́rin mẹ́rin sí etí iwájú apá, kí wọ́n súnmọ́ra.

Lẹ́yìn èyí ni títẹ apá sókè. Àárín apá Hurricane, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀ lórí ère wa, tẹ́jú. Láti ibẹ̀ lọ ni apá méjèèjì ti gbéra sókè díẹ̀. Ẹ fa ìlà sí ibi méjèèjì tí àárín náà ti parí, ẹ fi ayùn la ojú òkè rẹ̀ ní ìrísí V, kí ó ku mìlímítà 1 péré nísàlẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra ìsàlẹ̀ ìlà náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì rọra tẹ apá sókè títí tí V náà yóò fi padé. Ẹ da gọ́ọ̀mù sí i. Ẹ tẹ́ ère náà sórí tábìlì, ẹ ki páálí tó nípọn tó mìlímítà 4 sábẹ́ ṣóńṣó méjèèjì, ẹ gbé nǹkan wíwúwo lé àárín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó ju mìlímítà 4 yóò mú kí bàálù yín dà bí àṣá tó fẹ́ bà. Bí igi bá dá lápá kan, kò ní láti di ẹkún: gọ́ọ̀mù yóò mú un, ìyẹ̀fun igi tí ẹ fi sáńpépà gbo jáde, tí ẹ pò mọ́ gọ́ọ̀mù, yóò sì dí ojú ibẹ̀.

Ẹ wá gé ààyè sábẹ́ ara bàálù, kí apá lè wọ inú rẹ̀ géérégé. Ẹ gé e kéré kí ẹ tó máa fẹ̀ ẹ́. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ gbé ère náà dúró níwájú yín, ojú sí ojú, kí ẹ wò ó bóyá apá ọ̀tún àti òsì ga bákan náà. Ìrù kò gba àkókò: páálí líle tàbí igi pẹlẹbẹ kan fún apá kékeré, òmíràn fún èyí tó nàró, tó yípo lókè. Ẹsẹ̀ bàálù kò ní í sí, nítorí pé lójú òfurufú wọ́n ti ká wọlé. Abẹ̀bẹ̀ imú ní ewé mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó dà bí ẹni ń yí, ike tí a lè rí òdì kejì rẹ̀, tí ẹ gé róbótó, dára ju ewé lọ.

Ọ̀dà

Ẹ fi sáńpépà 120 gbo gbogbo ara, lẹ́yìn náà 240, kí ẹ sì fi aṣọ tútù díẹ̀ nu eruku kúrò. Ọ̀dà dúdú tí kò ń dán ni kí ẹ lò, ìgbà méjì, kí ẹ sì tún fi 240 gbo ó láàárín méjèèjì. Ẹ má kùn ún níta lọ́jọ́ tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí iyanrìn wà lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò fẹ́ kun àmì Gẹ̀ẹ́sì sí i. Òbìrìkìtì pupa ló wà láàárín, funfun yí i ká, búlúù wà lóde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbẹ́ Hurricane ti Bọ́mà, níbi tí àwọn baba wa ti Ìpín 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti jà, ẹ yọ pupa kúrò, kí ẹ fi búlúù àti funfun sílẹ̀. Oòrùn pupa ni àmì bàálù Jàpáànù, ẹni tó bá sì ti rí pupa fìrí láàárín igbó kò ní í dúró béèrè kó tó yìnbọn.

Spitfire àti Messerschmitt

Ẹni tó bá ti gbẹ́ Hurricane kan yè ti mọ iṣẹ́. Ìyàtọ̀ nìkan ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Apá Spitfire jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15.6, ara rẹ̀ sì jẹ́ 12.7. Kò sí ìlà tó tọ́ ní etí apá rẹ̀. Ó yípo láti ìdí dé ṣóńṣó bí ewé. R. J. Mitchell tó ṣètò rẹ̀ fẹ́ apá tó fẹ́lẹ́, tó sì tún gba ìbọn mẹ́jọ, ìrísí ewé yẹn ló sì jẹ́ kí apá náà fẹ̀ níbi tí ìbọn wà. Mìlímítà 4 àti ààbọ̀ ni kí ìdí rẹ̀ nípọn mọ, ìgbéra rẹ̀ sókè sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ara. Àwọn ìbọn rẹ̀ tú ká, wọn kò súnmọ́ra bíi ti Hurricane. Lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ogun, rédíétọ̀ wà lábẹ́ apá ọ̀tún nìkan, ohun tó wà lábẹ́ apá òsì sì kéré jù ú lọ. Ojú tó bá rí i láti ìsàlẹ̀ kò lè ṣì í mú.

Messerschmitt Bf 109 ti Jámánì kéré ju méjèèjì lọ. Ti oríṣi E tó jà lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940, apá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13.7 lórí ère, etí rẹ̀ tọ́, ṣóńṣó rẹ̀ sì dà bí ẹni tí wọ́n fi ayùn gé. Ẹ fi ẹyọ ọwọ̀ méjì gbé apá kékeré ìdí ìrù rẹ̀ dúró láti ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń fún epo wọlé tààrà, nítorí náà awakọ̀ rẹ̀ lè ti imú bàálù sísàlẹ̀ lójijì kó sá lọ, nígbà tí epo inú Merlin, ẹ́ńjìnnì Hurricane àti Spitfire, yóò já bí wọ́n bá gbìyànjú bẹ́ẹ̀. Ní 1941 ni obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Beatrice Shilling, ṣe òrùka irin kékeré kan tí wọ́n fi sí ojú ọ̀nà epo, tó dín wàhálà náà kù.

Ti ogun kìíní

Bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní gba sùúrù ju ọgbọ́n lọ. Sopwith Camel jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.9 lápá, 7.9 lára. Apá rẹ̀ jẹ́ méjì lórí ara wọn: ti òkè tẹ́jú pátápátá, ti ìsàlẹ̀ nìkan ló gbéra sókè, àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn sì ń ṣe ni pé wọ́n ń tẹ méjèèjì. Ẹ fi páálí líle ṣe apá, ẹ fi ẹyọ ọwọ̀ ṣe àwọn òpó àárín wọn, ẹ gé gbogbo òpó tán kí ẹ tó lẹ ẹyọ kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, èyí ló jẹ́ kí Camel lè yà sí ọ̀tún lójijì, òun náà ló sì pa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀. Òróró làrà ni wọ́n ń lò fún ẹ́ńjìnnì náà, ó sì ń fọ́n sí awakọ̀ lójú àti lẹ́nu. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fún ní òróró làrà mu rí mọ ohun tí ikùn àwọn ènìyàn yẹn rí.

Fokker Dr.I ti Jámánì ní apá mẹ́ta tó tẹ́jú, òpó kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti apá kékeré kan láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni apá rẹ̀, 8 ni ara rẹ̀. Nínú irú rẹ̀ ni Manfred von Richthofen, tó já bàálù 80 lulẹ̀, kú sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1918. Pupa ni wọ́n ń kun tirẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn kùn ún bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́ dúdú kan.

Dídán ojú wò

Ẹ so àwọn ère dúdú náà rọ̀ sí ẹ̀ka igi tàbí sí okùn aṣọ, kí òfurufú wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá dúró ní mítà 10 sí ère tó jẹ́ ìdá kan nínú 72 ń rí i bí ẹni tó wà ní mítà 720 sí bàálù gidi. Ní mítà 25, ó ti di mítà 1,800. Kí ọmọ kọ̀yìn sí i, kí ẹlòmíràn yí àwọn ère náà, kí ọmọ yípadà wò ó títí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó sì kọ̀yìn padà kó tó dárúkọ ohun tó rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìrísí apá ti hàn kedere, kí ẹ tó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ti ń gbà á nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹ wá kọ imú àwọn ère náà sí wọn, kí ohun tí wọn yóò rí má ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ pẹ̀lú ìṣù kékeré láàárín rẹ̀. Àárín tó tẹ́jú kí apá tó gbéra sókè, àti rédíétọ̀ tó so rọ̀ lábẹ́ ikùn, nìkan ni yóò sọ fún wọn pé Hurricane ni.